Ogójì Abọ́

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án

Iṣẹ́ parí lónìí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nídìí ìwọ̀n, lórí àga kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pààrọ̀ ẹsẹ̀ àga náà. Igi àpótí ẹrù ni mo fi ṣe é, kò ná ọ̀gá ní nǹkan kan.

Ọ̀gá kó gbogbo òṣìṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí jọ sẹ́nu géètì, lójú àwọn tó kó ẹ̀wà wá tà. Mo ka ìlà wọn: àádọ́rin. Ó ní, "Ẹ wo Baba Oníwọ̀n dáadáa. Ẹ̀wà tí wọ́n bá wọ̀n kì í dín tó bá dé ọ̀dọ̀ olùrà. Ṣe ló máa ń lé! Ọwọ́ wọn ní ìbùkún." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó ní òun óò máa fi nǹkan ránṣẹ́ sí mi lóṣooṣù títí ọjọ́ ikú mi. Mo ti ṣírò rẹ̀ kó tó délẹ̀: yóò gbé owó ilé, yóò gbé iná, yóò ṣẹ́kù díẹ̀ fún oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyàwó mi.

Ìyá Ogójì-Abọ́ nìkan ni kò pàtẹ́wọ́.

Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ọdún kẹrin rèé tó ti ń bá mi jà. Abọ́ ló fi ń wọn ẹ̀wà nílé rẹ̀, ogójì abọ́ sínú àpò kan. Ó ní abọ́ òun jẹ́ kílò kan àbọ̀, nítorí náà ọgọ́ta kílò ni àpò òun. Sìkéèlì ní mẹ́rìnléláàádọ́ta. Ní gbogbo ìgbà. Mo sọ fún un lójú èrò lọ́jọ́ kan: "Ìyá, abọ́ lẹ fẹ́ fi bá irin jà? Irin kì í purọ́. Ẹ wá ẹni tó ń purọ́ láàárín wa." Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ó sunkún lọ́jọ́ náà. Mo ní kí wọ́n mú un jáde, kó má dá iṣẹ́ dúró.

Lónìí ó gbé àpò aṣọ kékeré kan wá, ó ti rán ẹnu rẹ̀ pa. Ẹ̀wà. Ó gbọ́ pé ọmọ mi tó wà lókè òkun ló fi tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ránṣẹ́ sí mi, pé kí n fi ẹ̀wà náà bá òun kí i. Ó ní ọmọ ò ṣẹ òun. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́ kí gbogbo ayé gbọ́:

"Abọ́ méjì ni o. Ẹ dákun, ẹ má gbé e sórí sìkéèlì yín, kó má baà dín."

Èrò rẹ́rìn-ín. Èmi náà rín in.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 5

Kílò 23 ni tíkẹ́ẹ̀tì gbà fún báàgì. Ẹnìkan wà létí ọ̀nà tó máa ń báni wọn ẹrù, ó ń gbowó. Kí ni mo fẹ́ san owó fún? Mo bẹ ọlọ́dẹ, ó ṣí ilé ìkẹ́rùsí fún mi.

Mo kọ́kọ́ gbé ẹ̀wà ìyá yẹn sí i lásán — 2.7. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín pa ara mi. Abọ́ méjì, kílò mẹ́ta ló yẹ kó jẹ́ nípa ìṣírò tirẹ̀. Nínú ẹ̀bùn pàápàá, kò lè ṣe kó má bù mọ́ ọn.

Mo kó o sínú báàgì pẹ̀lú àwọn yòókù. Mo yọ bàtà kan. 22.9. Ó ku 0.1, mo fi síbẹ̀ fún afẹ́fẹ́.

Mo sọ ti 2.7 fún ìyàwó mi kó lè rẹ́rìn-ín. Kò rín in. "Ẹ̀bùn lẹ gbé lọ wọ̀n? Wọ́n ní kẹ́ ẹ má wọ̀n ọ́n. Ojú ò tiẹ̀ tì yín?"

Mo ní ta ni ojú ń tì níwájú irin.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 6

Onítakisí ní ìlọ́po márùn-ún owó bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì ni.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 7

Mo ń kọ èyí ní pápákọ̀ òfurufú, lórí àga irin, ẹ̀wà wà lórí itan mi. Wákàtí méjì kí bàálù tó gbéra.

Bọ́ọ̀sì méjì ni mo wọ̀. Èkejì já wa sí oríta, ó ní òun ò wọ inú ọgbà pápákọ̀. Mo ru báàgì. Ìgbésẹ̀ 1,140 láti oríta títí dé ẹnu ọ̀nà gíláàsì. Mo ti láàgùn tán kí n tó dé ìlà. Wọ́n gba omi tí mo gbé láti ilé, wọ́n jù ú nù. Nínú níbẹ̀, ìlọ́po mẹ́rin ni wọ́n ń ta irú rẹ̀. Mo ní òùngbẹ kò pa mí.

Ó kàn mí. Mo gbé báàgì sórí ìwọ̀n wọn bí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe. Ọmọbìnrin kọ̀ǹtà wo nọ́ńbà. "Dádì, 25.4 ni. Ẹ máa san owó àlékún, tàbí kẹ́ ẹ yọ díẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ní sìkéèlì wọn ò dáa. Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, èrò wà lẹ́yìn yín." Mo ní mo ti ń wọn ẹrù kí wọ́n tó bí i. Mo ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi sùúrù gbé báàgì sórí ìwọ̀n kejì. 25.4. Ó gbé e sórí ìkẹta. 25.4.

Mo wá gbọ́ ohùn ara mi, ó ń dún ká gbogbo gbọ̀ngàn: "Ẹ ti jọ lẹ̀dí àpò pọ̀ ni! Gbogbo yín lẹ jọ ń jẹ èèyàn!"

Gbólóhùn yẹn. Ìyá Ogójì-Abọ́ ló ni ín. Ẹnu géètì wa ni mo ti gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ kan ò yàtọ̀.

Ọkùnrin onífìlà aláwọ̀ ewé kan tó wà lẹ́yìn mi pòṣé. Ó ní, "Baba, ẹ jẹ́ ká ríbi kọjá jàre. Àbí kí bàálù máa dúró de ìdájọ́ yín?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo mọ bí ẹ̀rín ìlà ṣe máa ń rí. N kò mọ bó ṣe máa ń rí látinú rẹ̀.

Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ sún mọ́ mi. Kò bínú. Ó fi ìka hàn mí: ìwé kékeré kan lẹ̀ mọ́ ara ìwọ̀n náà, ọjọ́ tí wọ́n fi òkúta ìwọ̀n yẹ̀ ẹ́ wò, oṣù tó kọjá, ìfọwọ́sí wà níbẹ̀. Ó ní, "Tiyín ńkọ́, Dádì? Ìgbà wo ni wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò gbẹ̀yìn?"



Mo kúnlẹ̀, mo ṣí báàgì sílẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Ṣòkòtò àwọ̀tẹ́lẹ̀ mi tí ìyàwó mi lẹ̀ nídìí ló wà lókè. Ọmọbìnrin náà ní, "Dádì, ẹ yọ ẹ̀wà yẹn nìkan. Ó ti tó." Mo yọ ọ́. Mo gbé báàgì padà.

22.4.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, n kò débi gíga. Ṣùgbọ́n mo mọ ìyọkúrò. 25.4, yọ 22.4. Kílò mẹ́ta. Abọ́ méjì. Kílò kan àbọ̀ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò lé, kò dín.

Àpótí ìdọ̀tí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹtà. Ó ní kí n jù ú síbẹ̀ bó bá wù mí. Mo gbé ẹ̀wà mọ́ àyà bí ọmọ tuntun, mo kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 8 (nínú bàálù)

Ìlà àga méjìdínlógójì, mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. Wákàtí mọ́kànlá. Nínú àga 342 yìí, ta ni wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ mi? Onífìlà.

Wọ́n gbé oúnjẹ dé. Ó wá bojú wo abọ́ mi. "Dádì, ṣé kí wọ́n bá yín wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó jẹ ẹ́?" Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó bi mí kí ló wà nínú àpò tí n kò fẹ́ gbé sílẹ̀. Mo ní ẹ̀wà ni. Ó ní ṣé ti títà ni. Mo ní ti ẹlòmíràn ni. Irọ́ kọ́. Ó fún mi ní omi rẹ̀ tí kò mu. Inú mi ìbá dùn ká ní ó pòṣé.

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n kọ rèé, ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn la kó lọ sí ilé ìkẹ́rùsí tuntun. Sìkéèlì bọ́ láti orí ọkọ̀ akẹ́rù, ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ọ̀gá fún mi lówó kí n lọ pe àwọn tó ń fi òkúta ìwọ̀n yẹ òṣùwọ̀n wò. Mo wò ó, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Mo ní kí ni a fẹ́ náwó sí? Mo gun orí rẹ̀ fúnra mi. Kílò 70 ni mí tẹ́lẹ̀. Ó ní 63. Mo ní iṣẹ́ ìkẹ́rù ló mú mi rù.

Mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo tilẹ̀ ní kí ìyàwó mi máa bù kún oúnjẹ mi.

Mo dá owó padà fún ọ̀gá. Ó yìn mí níwájú gbogbo ènìyàn. Káàdì àyẹ̀wò ṣì ṣófo, ó sì gbọ́dọ̀ ní ìfọwọ́sí. Mo buwọ́ lù ú. Ní ọdọọdún láti ìgbà náà ni mo ń buwọ́ lù ú.

Bí ẹrù wa bá sì dé ọ̀dọ̀ olùrà, tí ìwọ̀n tiwọn ní ó lé, wọ́n á ní ọwọ́ mi ní ìbùkún. Mo gbà á gbọ́. Ẹni tó mọ ìṣírò tó mi, mo gbà pé ẹ̀wà ń bímọ lójú ọ̀nà.

Àpò méjì lóṣù ni Ìyá Ogójì-Abọ́ máa ń gbé wá. Kílò mẹ́fà lórí àpò kan. Méjìlá lóṣù. Oṣù méjìdínláàádọ́ta. 576. Ó lé ní àpò mẹ́sàn-án àbọ̀. Ti ẹnì kan ṣoṣo nìyẹn. Àwọn mọ́kàndínláàádọ́rin yòókù —

Mo dáwọ́ ìṣírò dúró. N kò ṣe irú rẹ̀ rí.

Wọ́n ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tó ogún. Ó sì bá mi lórí ìdúró.

Ọjọ́ kan náà, lẹ́yìn tí a balẹ̀

Òṣìṣẹ́ ibodè gba ẹ̀wà. Wọn kì í jẹ́ kí èso irúgbìn wọlé. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òfin ni. Ó gbé e sórí ìwọ̀n kó tó jù ú nù, ó kọ ọ́ sórí ìwé, ó buwọ́ lù ú, ó fún mi ní ẹ̀dà: ẹ̀wà, 3.0. Mo fi ìwé náà sáàárín ojú ìwé yìí.

Ìyá náà tún pàdánù kílò mẹ́ta sí i. Ọwọ́ mi náà ni.

Ọmọ mi dì mọ́ mi ní ẹnu ọ̀nà. Ó ní mo rù.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 10

N kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 11

Aago mẹ́ta ọ̀sán níbí, aago mẹ́jọ òwúrọ̀ nílé. Wọ́n ti ṣí géètì. Ẹni tó gba ipò mi ti jókòó lórí àga mi, ó ń pe 54 fún 60.

Aago márùn-ún. Wọ́n á ti wọ̀n tó ogún àpò. Mo wo fóònù. Fóònù wò mí.

Ọmọ mi pe àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ wá kí mi. Ó ní, "Bàbá mi rèé, wọn kì í yí ìwọ̀n." Ó sọ ìtàn ṣúgà fún wọn. Ọmọ ọdún méje ni, mo rán an ní ṣúgà, oníṣọ́ọ̀bù ṣèèṣì fi hóró méjì lé e. Mo mú un padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo ní kó kúnlẹ̀ lójú gbogbo oníbàárà, kó dá a padà. Ó ní òun sunkún gan-an, pé ọjọ́ yẹn lòun mọ irú bàbá tí òun ní. Àwọn àlejò ní hẹn-ẹn, irú wọn ò pọ̀ mọ́.

Mo lọ jókòó sí ilé ìwẹ̀ títí wọ́n fi lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 12

Mo pe ọ̀gá. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí dé káàdì.

Ó ní, "Baba, ta ló bi yín?"

Mo ní kò sẹ́ni tó bi mí.

"Ẹ̀hẹn. Ìwọ̀n á di títúnṣe, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ la óò ṣe é. Bí àádọ́rin èèyàn bá gbọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ óò san án? Ẹ sinmi. Ẹ bá ọmọ yín jẹun." Ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ parí rẹ̀: "Ohun tí mo ní n óò máa fi ránṣẹ́ sí yín lóṣooṣù, ẹ rántí rẹ̀ o. Ẹ sì rántí pé ìfọwọ́sí tèmi kọ́ ló wà lórí káàdì."

Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó gbé fóònù sílẹ̀. Mo dúpẹ́!

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 14

Mo pe ìyàwó mi. Mo sọ fún un. Kò ké. Ó ní, "Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti ní kí n máa bù kún oúnjẹ yín ni mo ti ń wò yín. Aṣọ yín ò fẹjú rárá." Ọdún mẹ́rin. Mo ní kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, "Ta ló tó bá yín sọ̀rọ̀ ìwọ̀n?"

Ó gbé fóònù lọ sí ilé Ìyá Ogójì-Abọ́. Mo gbọ́ tí wọ́n kíra wọn. Mo gbọ́ tí wọ́n gbé àga.

"Baba Oníwọ̀n. Ẹ kú ìrìn."

Mo ní kí ó má bínú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye rẹ̀ fún un, mẹ́fà, méjìlá, 576. Ó dá mi lẹ́nu.

"Ẹ wọ̀n ọ́n, àbí?"

Mo ní mo wọ̀n ọ́n.

"Mo mọ̀ pé ẹ óò wọ̀n ọ́n." Ó tún ní, "Baba, ẹnu géètì lẹ ti pè mí ní òpùrọ́. Àádọ́rin èèyàn ló fi mí rẹ́rìn-ín. Títí dòní, bí mo bá fẹ́ tọrọ iyọ̀ ní àdúgbò, wọ́n á ní ṣé ti abọ́ mi ni. Inú fóònù lẹ wá fẹ́ ti bẹ̀ mí, níbi tó jẹ́ pé etí mi nìkan ló wà níbẹ̀?"

Mo ní kí ni kí n wá ṣe.

"Ọjọ́bọ̀ lọjọ́ ìwọ̀n. N óò pè yín láti ẹnu géètì. Bẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ gbé e. Bẹ́ ẹ ò bá fẹ́, ẹ jẹ́ kó máa dún. Àwọn èèyàn á gbọ́ bó ṣe ń dún."

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 15

Ọ̀gá ti fi ti oṣù àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Mo kà á. Ó pé pérépéré. Kò dín.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 17

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ ohun tí n óò sọ. Èkíní kún ojú ìwé méjì, àwíjàre ni gbogbo rẹ̀: bí sìkéèlì ṣe bọ́ láti orí ọkọ̀, òjò, ìfẹ́ tí mo ní sí ọ̀gá. Èkejì kò dáa jù ú lọ. Ẹ̀kẹta, ìlà mẹ́rin. Òun ni mo mú.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 18

Ọmọ mi wà níbi iṣẹ́. Mo ti wọ aṣọ tó dáa láti aago méjì, bí ẹni pé wọ́n máa rí mi.

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló dún. Ó dún lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo ń kà á. Ní ẹ̀karùn-ún mo gbé e.

Ó ti ṣí ohùn rẹ̀ síta. Mo gbọ́ ọkọ̀ akẹ́rù tó ń fi ẹ̀yìn rìn, mo gbọ́ ẹni tó ń ta omi, mo gbọ́ ìró ẹ̀wọ̀n géètì. Ó ní, "Ẹ dákẹ́ o, ẹ dákẹ́! Baba Oníwọ̀n fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀." Wọ́n kí mi, wọ́n ń pariwo ẹ kú àjò. Inú wọn dùn sí mi. Ìyẹn ló burú jù.

Mo ka ìlà mẹ́rin náà. Pé sìkéèlì náà ń jẹ kílò kan nínú mẹ́wàá. Pé láti ọdún mẹ́rin ni. Pé èmi ni mo buwọ́ lu káàdì, wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò rí. Pé Ìyá kò purọ́, èmi ni mo purọ́.

Ohùn kan jáde láti ọ̀nà jíjìn: "Kí ni wọ́n sọ?"

Ìyá ní, "Baba, ẹ tún un sọ. Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́."

Mo tún un sọ. Mo pariwo rẹ̀, nínú yàrá ọmọ mi, fún ògiri.

Mo wá gbọ́ ohùn ọ̀gá: "Ta ló ní fóònù yẹn? Ẹ gba fóònù yẹn! Arúgbó ti ń ṣarán!" Mo yára sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé àpò síméǹtì kan sórí ìwọ̀n náà, wọ́n kọ 50 sára rẹ̀, kò nílò ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀ ń sáré. Nǹkan dún gbì lórí irin. Mo mọ ìró yẹn ju ohùn ìyá mi lọ.

Ẹni tó kà á kì í ṣe òṣìṣẹ́. Ìyá Ogójì-Abọ́ ni. Ó kà á jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń da abọ́ kan lé òmíràn.

"Márùndínláàádọ́ta."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ariwo tó wá sọ lẹ́yìn náà kò ní orúkọ. Ìlà fóònù já.

Mo yíjú padà. Ọmọ mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ti tètè dá wọn sílẹ̀ níbi iṣẹ́. N kò mọ ìgbà tó débẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti pẹ́.

Mo ní kó jókòó. Kò jókòó. Mo fún un ní ìwé ibodè. Mo sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀kẹta lónìí.

Ó wo ìwé náà títí. Ó ní, "Hóró ṣúgà méjì ni, Bàbá mi. Ẹ ní kí n kúnlẹ̀."